Káàdì Ọmọ Sàlámátù

Ẹ bá mi kí àwọn òkú agbègbè Ìbàdàn, torí àwọn nìkan ló ń dàgbà lẹ́yìn tí wọ́n ti kú. Ẹni ọgọ́rin ọdún á dákẹ́ láàárọ̀, wọ́n á sin ín kí wọ́n tó kírun Aláàsárì; kí bébà ìkéde àdúrà ọjọ́ kẹjọ tó jáde, ó ti di ẹni ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ ńlá ni. Kò sí dókítà tó lè ṣe é fún un nígbà tó wà láàyè.

Irú iṣẹ́ ìyanu bẹ́ẹ̀ ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Ajíbọ́dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìyá Ìrókò, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi dàgbà, ti jáde láyé. Sàlámátù lorúkọ wọn. Èmi àti Múfú, ọmọ àbúrò mi, la lọ tẹ bébà.

"Ọdún mélòó ni ká kọ?" atẹ̀wé bi wá.

"Ọgọ́rùn-ún," Múfú dáhùn, bí ẹni ń ná tòmátì lọ́jà Ṣáṣá.

"Ọgọ́rùn-ún péré? Bàbá tí mo tẹ tiwọn lánàá, ọgọ́rùn-ún lé méjì ni."

"Ṣé eré ìje ni wọ́n jọ ń sá ni?" Múfú kọjú sí mi. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kàwé. Ẹ dá sí i."

Òórùn tàdáwà inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti gbé mi padà sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ti gba ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí kí ẹ tó hu eyín, ẹ kò mọ iṣẹ́ tí etí ṣe fún wa. Ọmọ á gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá àárín orí. Bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó ilé ẹ̀kọ́ lọ nìyẹn. Bí kò bá kàn án, kó padà sílé lọ máa jẹ ẹ̀bà títí ọwọ́ á fi gùn.

Ọwọ́ tèmi kò kàn án. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìyá Ìrókò fi ń fà á láràárọ̀ kí wọ́n tó dáná gàrí, bí ẹni ń fa rọ́bà. Kò gùn. Bàbá mi sì ti ránṣẹ́ pé bí wọn kò bá gbà mí lọ́dún yẹn, kí wọ́n mú mi wá sí oko kòkó àwọn. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì tó ti lọ síbẹ̀ ṣáájú kò mọ orúkọ ara wọn kọ títí dòní.

Ọ̀gá wo ìka mi tó ń wá etí kiri. Mo dọ́gbọ́n tẹ orí.

"Gbé orí ẹ dúró!"

Mo gbé e dúró.

"Kò tíì tó, ìyá. Ẹ mú un padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Ọ̀gá ti ń dé ìgò tàdáwà wọn. Ìyá Ìrókò kò dìde. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú káàdì kan jáde, irú èyí tí ilé ìgbẹ̀bí máa ń kọ kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. "Ọmọ Sàlámátù" ló wà lára rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí.

"Ọmọ mi ni," ni wọ́n wí.

Mo mọ káàdì náà. Ràfíù, àkọ́bí wọn, ló ni ín. Ọdún kan ló fi jù mí lọ, ibà sì ti pa á nígbà òjò tó ṣáájú.

Ọ̀gá wo káàdì, wọ́n wò mí. "Ìwọ, ta ni ìyá ẹ?"

Ọwọ́ Ìyá Ìrókò wà lọ́rùn mi, ọwọ́ ẹni tí kì í purọ́ fún oníbàárà pé gàrí ọjọ́ kan ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú àpò kó lè kan. Mo na ìka sí Ìyá Ìrókò.

Ọ̀gá ṣí ìgò padà, wọ́n kọ orúkọ mi.

Ó kù díẹ̀ ká délé. Ìyá Ìrókò wá dúró. "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, ọdún Ràfíù lò ń lò. Òun ò lò ó mọ́." Wọ́n fi etí ìró nu ojú, a sì ń lọ.

Ọdún Ràfíù ni mo fi kàwé, òun ni mo fi ṣiṣẹ́, òun náà ni mo fi fẹ̀yìntì, ọdún kan ṣáájú ọjọ́ mi. Ẹnikẹ́ni kì í wọn etí mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń ka ọjọ́ orí. Síbẹ̀, ẹni tí ọdún rẹ̀ kò bá tó ohun tó ń wá, àwọn èèyàn rẹ̀ ṣì ń bá a wá sí i.

"Bàbá, ṣé ká kọ ọgọ́rùn-ún?" Múfú tún bi mí.

Mo mọ òótọ́. Ìyá Ìrókò fẹnu ara wọn sọ fún mi pé ọmọ ọdún méjìlélógún làwọn nígbà tí àwọn bí Ràfíù. Ràfíù ì bá ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin lónìí; ẹni tó bá mọ ìṣirò á rí i pé méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Àìmọye ìgbà ni mo sì ti fi irú bébà yìí ṣẹ̀fẹ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi.

Mo lè sọ pé ọpẹ́ ni mo fẹ́ dá. Irọ́ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní yunifásítì ni mo ń rò, bí wọ́n ṣe máa kà á, tí wọ́n á ní ìran wa mà ń pẹ́ láyé o.

"Ọgọ́rùn-ún lé mẹ́rin," ni ẹnì kan wí nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni.