Gọ́ọ̀mù Eku Tí Mo Tẹ́ Láìsọ

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé eku gbọ́ Yorùbá. Mo ti gboyè yunifásítì nígbà náà o, mo ń wáṣẹ́, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ Aunty mi, àbúrò ìyá mi, ní Ogudu. Orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wọ́n kọ́ ilé náà sí, yàrá kan sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí a ń kó jẹnẹrétọ̀, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù àti àpò ìrẹsì sí. Eku ti sọ ibẹ̀ di ààfin. Àwọn ọmọ Aunty ti lọ sí òkè òkun, ọmọ ológbò kan ló kù tí Aunty ń bá sọ̀rọ̀ láràárọ̀.

Gbogbo wa la mọ òfin náà: ẹni tó fẹ́ pa eku kò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde, eku á gbọ́. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta gọ́ọ̀mù eku ní Ketu, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi rà á, mo tún rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé eku Ogudu ní aṣojú ní Ketu. Mo tẹ́ ẹ sí yàrá abẹ́ ilé, mo gbé orí ẹja gbígbẹ lé e láàárín. Orí ẹja, nínú ilé ológbò! Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọlọ́gbọ́n ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a gbọ́ igbe. Ọmọ ológbò ti lẹ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù tẹsẹ̀ tẹ̀rẹ̀kẹ́, bó ṣe ń jà ló túbọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn. Mo gbá kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù mú láti fi fọ gọ́ọ̀mù náà kúrò lára ẹ̀, Aunty sì pariwo mọ́ mi:

“Gbé e sílẹ̀! Ṣé o fẹ́ bó o láwọ ni?”

Òróró ni Aunty bù wá. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń fi ìka ra á, wọ́n ń tú u díẹ̀díẹ̀. Igbe rẹ̀ ń rẹlẹ̀ sí i. Mo rò pé ó ń kú lọ ni, ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí.

Nígbà tó bọ́ tán, tó ṣì ń mí, Aunty gbójú sókè.

“Kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ má bínú, Aunty. Mo ní eku á gbọ́ ni.”

Wọ́n wo gọ́ọ̀mù náà. Kò sí eku kan ṣoṣo lára ẹ̀.

“Eku gbọ́. Èmi tí mo nilé ni mi ò gbọ́. Ọ̀mọ̀wé!”

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ni mo dákẹ́, ẹran aláìṣẹ̀ ló kù díẹ̀ kó bá mi dákẹ́. Alápẹ̀rẹ̀ ni mò ń gbé báyìí, mo sì máa ń lọ kí Aunty. Ológbò náà ti dàgbà, ó ti sanra, ó ń gba oúnjẹ lọ́wọ́ gbogbo àlejò. Bí èmi bá nawọ́ sí i, á wo ojú mi dáadáa, á dìde, á sì lọ jókòó sẹ́yìn Aunty. Mi ò lè bá a jà.