Ilé Ìkàwé Àdúgbò Wa, tí Wọ́n Ní Kò Sówó Láti Ṣí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ta ni ó tó gbé ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú rẹ̀? Amọ̀kòkò ni. Láti àárọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ti máa ń wà nínú amọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Bí ó bá rí ìwé lórí ilẹ̀, yóò pariwo pé, "Ta ló da ọ̀rọ̀ sílẹ̀ báyìí?" Òun fúnra rẹ̀ kò ní fọwọ́ kàn án nítorí amọ̀ ọwọ́ rẹ̀, àwa ọmọ ni yóò sáré wá gbé e sókè. Kì í bèèrè bóyá ìwé kéwú ni tàbí ìwé òyìnbó. Ìwé ni ìwé lójú tirẹ̀.

Ẹ̀yìn Ọjà Tuntun ní Ìlọrin ni ilé wa wà nígbà náà. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ilé kékeré kan sí ìsàlẹ̀ àdúgbò, yàrá kan ṣoṣo tó fẹ̀, tó ní fèrèsé ńláńlá, tábìlì gígùn, àti pẹpẹ ìwé tó yí ògiri ká. Wọ́n ní ẹ̀ka ilé ìkàwé ni, pé olú rẹ̀ wà ní ìgboro lọ́hùn-ún. Àwa kò mọ olú kankan, tiwa la mọ̀. Láíbìrì ni àwa ọmọdé ń pè é. Ilé kéwú òyìnbó ni àwọn ìyá wa ń pè é, ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ṣì í.

Bàbá kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe olùtọ́jú ibẹ̀. Ohun tí bàbá yìí ṣe tí n kò rí níbòmíràn rí títí di òní ni pé ó gbé bútà sí ẹnu ọ̀nà, kẹ́tùlù tí a fi ń ṣe àlùwàlá yẹn. Kò sí ẹni tí yóò wọlé láìfọwọ́. Ilé kéwú ni ọ̀pọ̀ wa ti máa ń bọ̀, tàdáwà tí a fi ń kọ wàláà yóò ti dúdú sí wa níka. Tèmi tún ju tàdáwà lọ, amọ̀ ìyá mi ni. A óò tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, a óò bu omi, a óò fọwọ́ mọ́ tónítóní kí a tó ṣí ìtàn ìjàpá. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tí kò lè rí bútà kó má ṣe àlùwàlá tán pátápátá. Yóò fa omi símú, yóò fi omi pa orí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀. Bàbá yóò ní, "Ìwọ, ṣé ìrun lo fẹ́ kí ni? Ọwọ́ ni mo ní o fọ̀!" A óò rẹ́rìn-ín, bàbá yóò fi rúlà gbá tábìlì, gbogbo ilé á sì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí agbo ilé wa ṣe rí. Ọmọ tó bá jókòó láìṣe nǹkan kan tí àgbà rí lójú, ọmọ tí a ó rán níṣẹ́ ni. Ìwé kíkà kì í sì í ṣe iṣẹ́ lójú àgbà. "Ìwọ tó ń wo ìwé yẹn, dìde lọ bá mi ra iyọ̀." Ní láíbìrì nìkan ni ẹnikẹ́ni kò ti lè rán ọ níṣẹ́. Níbẹ̀ ni mo ti kàwé tí mo fi di olùkọ́, tí mo sì fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìntì.

Ẹ má rò pé ilé náà ṣì ń dán bíi ti àtijọ́ o. Lẹ́nu ọdún wọ̀nyí, òrùlé ń jò, fáànù kò yí mọ́, ìwé tuntun kò sì dé síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n tábìlì wà, àga wà, ìdákẹ́jẹ́ náà wà. Ibẹ̀ ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ń múra ìdánwò JAMB. Ọ̀dọ̀ mi ni òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀ ń gbé. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ kọ́, ó sì ti jókòó ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan tí máàkì rẹ̀ kò tó. Bó bá ti ti ilé ìwé dé, á jẹun, á kírun, ó di láíbìrì. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Bàbá àgbà, tọ̀tẹ̀ yìí, mo máa wọlé." Èmi náà gbà á gbọ́.

Àfi bí wọ́n ṣe kéde pé ìjọba ìbílẹ̀ ti dín ètò ìṣúná kù, pé gbogbo ẹ̀ka ilé ìkàwé àdúgbò ni wọn yóò tì. Ọ̀rọ̀ náà kò pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá láti wá kó ìwé, mo sì rìn lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá mi.

Àlàájì kan tó jẹ́ ọ̀gá wọn dúró sí àárín ilé, ó ń pàṣẹ pé, "Ẹ ṣa èyí tó bá ní Lárúbáwá sọ́tọ̀ o! Ẹ má jẹ́ ká dẹ́ṣẹ̀." Wọ́n sì ń ṣà á pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kí wọ́n fi dì í lọ sí mọ́ṣáláṣí. Àwọn ìyókù, wọ́n ń dà wọ́n sílẹ̀ bí ìdọ̀tí. Wọ́n ń fi bàtà tẹ̀ wọ́n kọjá. Ìwé ìtọ́jú aláboyún wà níbẹ̀. Ìwé tí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé ìrun kíkí gan-an wà lábẹ́ bàtà Àlàájì, kò mọ̀, nítorí kò sí Lárúbáwá lára rẹ̀. Lójú mi báyìí, ó mú ìwé pẹlẹbẹ kan, ó rí Lárúbáwá, ó ṣe bísímílà, ó sì fi kan iwájú orí. Mo na ọrùn wò ó. Ìwé tí wọ́n máa ń fi sínú páálí fíríìjì ni, èyí tó ń kọ́ni bí a ó ṣe máa nù ún. Ó ní láti jẹ́ pé ẹni kan tó ti Mẹ́kà bọ̀ ló kó o mọ́ ìwé tó fi ta láíbìrì lọ́rẹ.

Mo ní, "Àlàájì, ọ̀rọ̀ fíríìjì lẹ fi ń kan orí yẹn o."

Ó ní, "Bàbá, Lárúbáwá ni Lárúbáwá."

Àwọn tó kà á sẹ́ṣẹ̀ láti sọ ìwé fíríìjì sílẹ̀ kò kà á sí nǹkan kan láti lé ọmọ jáde nídìí ìwé. Mo tutọ́ sílẹ̀, mo sì bá tèmi lọ.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, nítorí náà mo lọ rí alága ìjọba ìbílẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa ni, láíbìrì yẹn náà ló sì ti kàwé. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí imú rẹ̀ ń ṣàn sórí ìwé tí olùtọ́jú ń fi aṣọ nù ún. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi dáadáa, ó ní kí wọ́n fún mi ní omi tútù. Ó wá ní, "Bàbá, ẹ bá wa fi sùúrù sí i, kò sówó ni. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, fóònù ló kù táwọn ọmọ ń lò báyìí. Gbogbo ìwé ayé ló wà nínú rẹ̀." Mo bi í pé níbo ni àwọn ọmọ tirẹ̀ ti ń kàwé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn ní yàrá ìkàwé nínú ilé òun ní Basin, àdúgbò àwọn olówó. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó yẹ kí ojú ti òun. Mo gbé omi rẹ̀ sílẹ̀ láìmu.

Ọmọ-ọmọ mi gbìyànjú o. Ó kọ́kọ́ ń wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé ìkàwé tó wà lókèèrè, ṣùgbọ́n agbára ìyá rẹ̀ kò gbé owó ọkọ̀ ojoojúmọ́. Ó wá di inú ilé. Bí ó bá jókòó ní pálọ̀, tẹlifíṣọ̀n ń ké, àwọn àbúrò rẹ̀ ń jà. Mo ní kó máa bọ̀ ní yàrá mi, a kò mọ̀ pé ibẹ̀ ló burú jù. Àgbàlagbà ni mí, àwọn ènìyàn ń wọlé wá kí mi látàárọ̀ dalẹ́. Àlejò wọlé, kó gbé àga. Àlejò jókòó, kó bu omi. Àlejò dìde, kó sìn ín síta. Fóònù tí alága ń sọ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, bó bá sì ti gbé e sójú, ìyá rẹ̀ á ní, "O tún ti gbé eré rẹ dé. Lọ fọ abọ́."

A wà lórí èyí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ìkàwé wa ṣe. Inú wa kọ́kọ́ dùn, a rò pé ojú ti tì wọ́n. Wọ́n pààrọ̀ òrùlé, wọ́n kun ilé, wọ́n fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i. Àṣé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ibi tí alága àti àwọn káńsẹ́lọ̀ yóò ti máa gba àlejò ni wọ́n sọ ọ́ dà. Owó tí kò sí láti fi ra ìwé, ó ti yọjú! Wọn kò tilẹ̀ bò ó. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí pé gẹ́gẹ́ bí àgbà àdúgbò, èmi ni kí n wá ṣàdúrà sí i.

Mo lọ. Ilé kún fọ́fọ́, ó tutù rinrin, ó ń rùn fún lọ́fínńdà. Wọ́n ti háyà àwọn ọmọbìnrin àdúgbò láti pín mọ́ọ̀tì tútù fún àlejò. Mo gbójú sókè báyìí, ta ni mo rí? Ọmọ-ọmọ mi ni, ó gbé tíréè dání, ó ń kúnlẹ̀ fún káńsẹ́lọ̀. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀.

Mo dìde, mo tẹ́ ọwọ́, gbogbo wọn tẹ́ ọwọ́. Mo ní, "Ọlọ́hun Ọba, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ."

"Àmín!"

"Àwọn tó kọ́ ilé yìí fún àwọn ọmọ wa, Ọlọ́hun, kẹ́ wọn."

"Àmín!"

"Ẹni tó lé àwọn ọmọ wa jáde nínú ilé yìí, Ọlọ́hun, má jẹ́ kí ilé gba òun náà."

"Àmín!" Ẹ̀yin náà mọ̀ wá ní Ìlọrin. Bí ọwọ́ bá ti tẹ́, tí ohùn àgbà sì ń lọ geere, àmín ló kù, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohun tó ń ṣe àmín sí. Ohùn alága ló ga jù.

"Ẹni tó ní kò sówó ìwé, tó rówó ra amúlétutù, Ọlọ́hun, má jẹ́ kó gbádùn ibẹ̀."

"Àmín, àmín, Ọlọ́hun gbà á!" Alága ni. Ó ti fi ọwọ́ pa ojú kí akọ̀wé rẹ̀ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi, mo jáde.

Wọ́n ní mo ṣépè. N kò ṣépè fún ẹnikẹ́ni, àdúrà ni mo ṣe, àwọn ló sì ṣe àmín. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ṣì ń fi rẹ́rìn-ín títí di òní, wọ́n ní mo fi Ọlọ́hun mú alága. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Láyé ìgbà tiwa, àwọn tí kò mọ̀wé rárá ló ń ṣọ́ ìwé fún wa kí ilẹ̀ má bà á jẹ́. Láyé ìsinsìnyí, àwọn tó kàwé débi àga ló yí padà tí wọ́n ń gba àga lábẹ́ ọmọ ọlọ́mọ, wọn yóò sì ní kí ọmọ náà gbé mọ́ọ̀tì wá. Ohun ìríra ni, n kò sì ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi náà ti ibẹ̀ dé, ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, àdúrà tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ṣé ó lè gbà kí ìdánwò tó dé?"

Mo dá a lóhùn pé Ọlọ́hun kì í pẹ́. Ó dìde, ó lọ gbé àga fún àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.