Káàdì Tí Mo Fi Wọn Ìrora Ọ̀rẹ́ Mi

Mo ti tẹ lẹ́tà kan rí ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi ní Bajulaiye tó tóbi débi pé awakọ̀ òfurufú kà á láti òkè, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o!" Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi awakọ̀ náà.

Ìdí tí mo fi tẹ̀ ẹ́ rèé. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ kọ́ṣẹ́ ìwé títẹ̀ ní Ṣómólú, nígbà tí irun ṣì wà lórí àwa méjèèjì, ni jẹjẹrẹ mú. Ọsibítù ní àwọn ò lè wò ó sàn mọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí nọ́ọ̀sì kan máa wá sílé rẹ̀ ní Ladi-Lak, kí ara lè máa tù ú. Nọ́ọ̀sì yìí kì í kánjú. Á jókòó tì í, á ní, "Bàbá, láti oókan dé ẹ̀wá tó le jù, mélòó ni ìrora yẹn lónìí?"

"Méjì."

Méjì kẹ̀! Ọkùnrin tó ń fi eyín ya ìrọ̀rí, tí kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin! Ìyàwó rẹ̀ wò mí; mo wo àjà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì ń lọ, mo sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Oògùn wà, bàbá. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ yín bá fẹnu ara wọn sọ ni màá sọ fún dókítà. Oògùn ẹni tó ní méjì ni wọ́n á máa gbà."

Mo padà wọlé. "Arúgbó òpùrọ́, kí ló dé?"

"Tí mo bá pè é ní mẹ́wàá, wọ́n á rò pé mo ti ń kú lọ. Bàbá mi ò ké títí wọ́n fi gbé e sin."

"Bàbá rẹ ò ní nọ́ọ̀sì."

"Jáde nílé mi!"

Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà, ìṣirò ò sì yé mi. Ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ "Ó ń dùn mí" sórí káàdì kan nígbà mẹ́wàá. Ti òkè kéré bíi orúkọ atẹ̀wé tó máa ń wà nísàlẹ̀ kàlẹ́ńdà. Ó ń tóbi sí i bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, títí ti ìsàlẹ̀ pátápátá fi rí bíi àkọlé pósítà òkú.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún dé, mo gbé káàdì náà síwájú ọ̀rẹ́ mi, mo ní kó fọwọ́ kan ìlà tó bá ìrora rẹ̀ mu. Ọ̀rẹ́ mi lè parọ́ fún dókítà, ṣùgbọ́n kò parọ́ nípa sáìsì lẹ́tà rí. Ó ti tún odindi káàdì ìgbéyàwó tẹ̀ rí nítorí lẹ́tà kan ṣoṣo tó fi díẹ̀ ju ìyókù lọ.

Ó wọ awò ojú. "Ta ló tẹ ìdọ̀tí yìí? Ìlà keje wọ́!"

Lẹ́yìn náà ó gbé ìka lé ìlà àkọ́kọ́. Ìka rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó kọjá ìlà kẹta, ó kọjá ìkẹfà, ó dúró sórí èyí tó kẹ́yìn.

"Eléyìí," ó ní. "Ó tiẹ̀ kéré díẹ̀."

Nọ́ọ̀sì fa fóònù yọ, ó pe dókítà. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n fi kún oògùn rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó sùn títí oòrùn fi wọ pálọ̀.

Àìsàn náà ṣì wà, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ìlà kẹta ló ń fọwọ́ kàn báyìí, ó ń jẹun, ó sì ń bú mi nítorí ìlà keje.

Awakọ̀ òfurufú yẹn ni mo fi kún un. Kò sẹ́ni tó yọrí lójú fèrèsé kankan. Lẹ́tà tó tóbi jù lórí káàdì náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ìyókù, bó ṣe rí nìyẹn. Ẹ lọ bi ọ̀rẹ́ mi, ó ti jí.