Bí Mo Ṣe Kọ́ Ìránṣọ Láti Orí Bẹ́ẹ̀dì Ọsibítù

Nígbà tí mo padà dé kíláàsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó dín díẹ̀ tí mo lò ní ọsibítù, ẹlòmíràn ló jókòó sídìí maṣíìnì mi.

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìgàndó ni mo ti ń kọ́ ìránṣọ. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà kí n tó débẹ̀. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni wọ́n bí mọ́ mi. Ó ti ba eegun ìbàdí mi jẹ́, nítorí náà ọ̀pá ni mo fi ń rìn, maṣíìnì ọlọ́wọ́ ni mo sì ń lò. Gbogbo kíláàsì rí ọ̀pá, ṣùgbọ́n n kò sọ àìsàn náà fún ẹnikẹ́ni. Bí mi ò bá ti wá, ibà ni mo máa ń pè é.

"Ibà wo ló ń ṣe èèyàn tó báyìí?" Ṣàkírátù, ọ̀rẹ́ mi, bi mí. "Àbí ibà tìẹ ti rẹ́ǹtì yàrá sí ọ lára ni?"

Màdáámù tó ń kọ́ wa, obìnrin Èkìtì tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, ṣí rẹ́jísítà.

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá lo pa jẹ. O mọ òfin."

Òfin náà ni pé ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ kò ní ṣe ìdánwò. Yóò dúró de sẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀. Bí mo bá pa ọjọ́ kan péré jẹ sí i, ó parí. Mo kàn gbé káàdì ọsibítù mi lé orí tábìlì. Ó kà á tán, ó wò mí.

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ojú ló ń tì mí, mà."

"Ojú ń tì ọ́, o wá jẹ́ kí n máa pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Ó dáa, ojú ti wá ń ti èmi náà báyìí."

Kò yí òfin padà ṣá. Ó lọ bá ọ̀gá àgbà, wọ́n sì fẹnu kò: bí wọ́n bá tún dá mi dúró sí ọsibítù, kí n máa gé pátánì kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí ìwé ìròyìn àtijọ́. Orí ìwé la máa ń gé pátánì sí kí sísọ́ọ̀sì tó kan aṣọ gidi. Ọjọ́ tí mo bá ní pátánì, wọn yóò kà mí mọ́ àwọn tó wá.

Lóṣù kejì, ìrora tún gbé mi dé ọsibítù fún ọjọ́ kíláàsì mẹ́wàá. Ṣàkírátù ń yà gba pátánì mi nírọ̀lẹ́. Nínú èyí àkọ́kọ́, mo gbàgbé láti fi ààyè ìránpọ̀ sílẹ̀ létí rẹ̀. Màdáámù dá a padà, ó kọ ọ́ sí i lára pé: "Ẹni tó máa wọ èyí kò gbọdọ̀ mí o." Mo rẹ́rìn-ín títí nọ́ọ̀sì fi wá wò mí.

Lọ́jọ́ keje, abẹ́rẹ́ omi wà ní ọwọ́ ọ̀tún mi, ọwọ́ òsì sì wú. N kò lè di sísọ́ọ̀sì mú.

"Màá gé e fún ọ," ni Ṣàkírátù wí.

"Kò dáa."

"Ta ló fẹ́ mọ̀, jàre? Ìwé ìròyìn ṣá ni."

Kí n tó fèsì, oorun oògùn ti gbé mi lọ.

Nígbà tí mo padà, ọjọ́ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní màákì nínú rẹ́jísítà. Mo dúró títí àwọn yòókù fi jáde lọ jẹun, mo wá lọ bá Màdáámù.

"Mà, ti ọjọ́ keje, èmi kọ́ ni mo gé e."

"Mo mọ̀. Ṣàkírátù kì í gé ọrùn kó má wọ́. Ìwọ ni mò ń dúró dè kí o sọ ọ́."

Mo rò pé ìdánwò ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó na ìwé ìròyìn kan sí mi.

"Ọjọ́ kan, pátánì kan la ní. A ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ dé lọ́jọ́ náà. Gé e."

Mo gé e lórí ìdúró. Ó fi téèpù wọn èjìká, àyà àti ọrùn. Ó fa ìlà la màákì ti tẹ́lẹ̀, ó sì fi tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Èmi àti sẹ́ẹ̀tì mi la jọ ṣe ìdánwò. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìkòtún báyìí. Àìsàn ṣì máa ń jẹ́ kí n tì í pa nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tó ń bínú pé mo sá. Kí n tó mú téèpù wọn ẹnikẹ́ni, mo ti sọ fún un.