Ìgbẹ́ Ewúrẹ́ Inú Pírọ́jẹ́ẹ̀tì Mi

Lọ́dún tí mo lò kẹ́yìn nílé ẹ̀kọ́ gíga, bí ẹ bá bi mí pé ta ló mọ̀ nípa àgbàdo jù ní gbogbo Àkókó, èmi náà ni ǹ bá dárúkọ. Mo gba yàrá kan n'Ìkàrẹ́, mo ra bàtà òjò, mo ra téèpù tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, mo sì ra ìwé ńlá elẹ́yìn líle kan tí mò ń kọ gbogbo ohun tí mo bá rí sí. Ohun kan ṣoṣo tí n kò ní ni ilẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi obìnrin, tó ń dáko ní Ìkùn, ló fún mi nílẹ̀. Oko rẹ̀ wà létí ọ̀nà tí àwọn ará ìlú ń gbà re odò, gbogbo wọn ló sì mọ̀ ọ́n sí obìnrin tí koríko kì í ráyè hù lóko rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà gan-an ló fún mi, torí ibẹ̀ ló dára jù. Mo dúpẹ́, àmọ́ ṣe ni mo ń ṣe bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é lóore.

Pírọ́jẹ́ẹ̀tì, iṣẹ́ ìwádìí tí mo gbọ́dọ̀ ṣe kí n tó jáde, kò le. Ogún ebè gbọọrọ la kọ. Mo ní “la kọ”, òun ló kọ ọ́, èmi di téèpù mú. A gbin àgbàdo sí gbogbo rẹ̀. Mo fi fatiláísà, ajílẹ̀ òyìnbó, sí mẹ́wàá, n kò fi nǹkan kan sí mẹ́wàá yòókù, kí n lè fi wọ́n wéra. Àwọn mẹ́wàá tí kò jẹ nǹkan kan yìí là ń pè ní kọ́ńtíróòlù. Sùpáfáísọ̀ mi, olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ náà, ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń rún orógbó bí ẹni pé wọ́n jọ ní ìjà, ti kìlọ̀ fún mi: bí kọ́ńtíróòlù bá bàjẹ́, pírọ́jẹ́ẹ̀tì bàjẹ́ nìyẹn, ọdún kan gbáko ni n óò sì tún lò sí i. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mò ń jáde lọ́dún náà.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún, àwọn tó jẹ fatiláísà ti ń dúdú, ewé àwọn yòókù pupa rúsúrúsú. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó ń wò wọ́n.

“Kí làwọn wọ̀nyí ṣe fún ọ?”

“Wọn ò ṣe nǹkan kan, Màmá. Kọ́ńtíróòlù ni wọ́n.”

“Ilẹ̀ kan náà, ọjọ́ kan náà la gbìn wọ́n. O ń fún àwọn kan lónjẹ, o ń febi pa àwọn kan. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kọ́ yín nìyẹn?”

Mo rẹ́rìn-ín ọ̀mọ̀wé. Mo ṣàlàyé títí, mo tilẹ̀ fi igi ya àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Mo gbọ́. Àwọn tó ń re odò ń bi mí bóyá ara mi ò yá ni.” Mo ní kó sọ fún wọn pé sáyẹ́ǹsì ni. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí ẹ̀gẹ́.

Ìdánwò dé, n kò lè dé Ìkùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ tí mo padà, ẹnu yà mí. Mẹ́jọ nínú kọ́ńtíróòlù mi ti tutù yọ̀yọ̀! Méjì péré tó wà lẹ́yìn igi obì ló ṣì pupa. Ẹni tó bá gbọ́n á béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni oko. Èmi jókòó sórí òkúta, mo ń ronú. Kí n tó dé gáréèjì Ọ̀kà, mo ti mọ ohun tó fà á: ilẹ̀ Ìkùn lágbára tó fi lè wo ara rẹ̀ sàn. Ti àwọn méjì tó kù ńkọ́? Òjìji igi obì ló ń dà wọ́n láàmú. Ojú ewé mẹ́rin ni mo fi kọ ọ́. Orí mi wú débi pé mo ti ń rí ara mi lórí rédíò, tí wọ́n ń bi mí bí mo ṣe rí i.

Mo gbé e fún sùpáfáísọ̀ mi. Ó kà á, ó dá orógbó rírún dúró, ó ní, “Ó di oko.”

A dé Ìkùn, mo ṣaájú, mo ń fọwọ́ júwe, mo ń sọ̀rọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń wo ara rẹ̀ sàn. Sùpáfáísọ̀ mi kọjá lára mi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kí.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Kí lẹ fi sí i?”

“Ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni, tíṣà. Èyí tó ti jẹrà lábẹ́ ọgbà wọn.” Ojú kò tì í rárá. “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.”

Mo rí ìyá mi níwájú gbogbo ìjọ. Ọdún kan gbáko!

Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti mú bírò jáde. “Báwo lẹ ṣe wọ̀n ọ́n?”

“Igbá mẹ́ta fún ebè kan.”

“Gbogbo wọn?”

“Ṣé n óò wá fún ọ̀kan ju ìkejì lọ ni?”

“Àwọn méjì ẹ̀yìn igi yẹn ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ìgbẹ́ ló tán. Àwọn tó ń re odò ò sì lè rí ibẹ̀ látojú ọ̀nà.”

Sùpáfáísọ̀ mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bí mo ṣe wọn fatiláísà tèmi. Agolo mílíìkì ni mo lò, nígbà mìíràn ó kún, nígbà mìíràn kò kún. N kò lè parọ́ níwájú obìnrin yẹn. Ó ní kí n yí àkọlé padà: fatiláísà àti ìgbẹ́ ewúrẹ́, kí ebè méjì ẹ̀yìn igi obì jẹ́ kọ́ńtíróòlù. Bí mo ṣe yege nìyẹn.

Mo dúpẹ́ níbẹ̀rẹ̀ ìwé pírọ́jẹ́ẹ̀tì náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ sùpáfáísọ̀ mi, lọ́wọ́ obìnrin tó bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó máa ń gbé mi láti Ìkàrẹ́. N kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Ǹ bá ní mo gbàgbé ni, àmọ́ n kò gbàgbé. Ojú ń tì mí kí wọ́n mọ̀ pé ìyá àgbà tí kò kàwé ló ṣe iṣẹ́ náà fún mi.

Mo mú ẹ̀dà kan lọ fún un. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sára ìró kó tó gbà á.

“Níbo ni mo wà níbẹ̀?”

Mo ṣí i síbi tí a to èsì àgbàdo sí, mo fi ìka rẹ̀ lé ibi tí a kọ ìgbẹ́ ewúrẹ́ sí lédè Gẹ̀ẹ́sì. “Ibí yìí ni, Màmá.” Ó rọra fi ìka pa á, ó pe aládùúgbò rẹ̀ kó wá wò ó. N kò lè jẹ iyán tó gún fún mi lọ́jọ́ yẹn.

Ó ju ọdún kan lọ kí n tó tún dé Ìkùn. Ó ń gbálẹ̀ nígbà tí mo wọlé.

“Tíṣà kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ mi ti ka ìwé yẹn fún mi,” ni ó wí. “Mo fi orúkọ mi hàn án. Ó ní ìgbẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tó ń gbá.

“Mo sọ fún un pé kò burú, èmi náà ni mo kó o.” Ó gbé igbá ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó nà án sí mi. “Dìde. Òmíràn ti pọ̀ lábẹ́ ọgbà. Igbá mẹ́ta fún ebè kan, kó o sì rí i pé ó kún.”