Ẹ̀gúsí Màmá Tí Mo Fà Tu

Láti Kétu, ìlú bàbá mi ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, dé Ìlaròó kò jìnnà. Ẹni tó bá jẹun àárọ̀ nílé wa lè dé Ìlaròó kí ebi ọ̀sán tó pa á. Síbẹ̀, nígbà tí lẹ́tà ìjọ dé pé kí n lọ ṣe iṣẹ́ míṣọ́nnárì fún ọdún méjì, tí a ṣí i lójú gbogbo ẹbí, tí a rí i pé Nàìjíríà ni wọ́n ń rán mi lọ, ìyá mi bú sẹ́kún. Ó ní wọ́n ń gbé ọmọ òun lọ sílẹ̀ òkèèrè. Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, ní kó nu ojú rẹ̀ nù, pé ilẹ̀ tí ènìyàn lè gun kẹ̀kẹ́ dé kì í ṣe ilẹ̀ òkèèrè.

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló padà ṣẹ. N kò tíì lò ju oṣù mélòó kan lọ ní Ìlaròó tí ìjọba Nàìjíríà fi ti bodè pa. Láti ọjọ́ náà, ohùn àwọn òbí mi lórí fóònù, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ni gbogbo ohun tí mo ní ní Kétu.

Ìjọ wa ni àwọn ará ìta ń pè ní Mọ́mọ́nì. Àwa ọ̀dọ́ tí wọ́n bá rán jáde kì í dá rìn; méjì méjì ni wọ́n ń pín wa, a kò sì gbọdọ̀ kúrò lójú ara wa. Ọmọ Ùgáńdà ni ẹnìkejì mi, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọmọ àgbẹ̀ sì ni. Kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń kí gbogbo ayé, títí kan bàbá tó ń sùn lábẹ́ igi. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀. Tèmi ń ta kókó, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ mi níwèé; Yorùbá tí mo ń kọ yìí, ọjọ́ ìsinmi ní ìjọ ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń kà á.

A máa ń jí ní ìdajì, a ó gbàdúrà, a ó kàwé, a ó lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, èédú ni a fi ń lọ̀ ọ́ bí kò bá sí iná. Lẹ́yìn náà a ó so táì, a ó lẹ báàjì dúdú mọ́ àyà, a ó sì jáde sínú oòrùn. Ohun tó wà lórí báàjì náà ni oyè wa, Alàgbà. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà náà. Àwọn obìnrin ìdí ẹ̀rọ omi kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Alàgbà, irùngbọ̀n dà?"

"Alàgbà, ẹ kú àgbà o! Ọmọ-ọmọ mélòó lẹ ti ní?"

Mo máa ń dáhùn pé mò ń retí irùngbọ̀n náà, ó há sí bodè ni. Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á sì fún wa lómi mu. N kò lè ka iye ife omi tútù tí Ọlọ́run fi ọwọ́ àwọn obìnrin Ìlaròó fún mi.

Bí a ṣe mọ Màmá tí ìtàn yìí dá lé lórí nìyẹn. Àgbà obìnrin ni, ó ń yan gàrí lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó sì pè wá lọ́jọ́ kan kí á wá ṣàlàyé ìdí tí a fi ń fi aṣọ so ara wa lọ́rùn nínú ooru. A jókòó. Ó bi wá ní ìbéèrè, a dá a lóhùn, ó tún béèrè òmíràn. Láti ọjọ́ náà kò pa ìjọ jẹ. Àga iwájú ló ń jókòó sí, bí oníwàásù bá sì sọ ohun tí kò yé e, ó máa ń gbé ohùn sókè pé, "Ẹ tún un sọ." Bí inú rẹ̀ bá dùn sí mi, Alàgbà ni mò ń jẹ́, á sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Bí inú bá ń bí i, mo di "ìwọ ọmọ yìí."

Kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Ayọ̀ wa kún. Ṣùgbọ́n a kì í ri obìnrin tó wà nílé ọkọ bọmi nínú ìjọ wa láìjẹ́ pé ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i, ọkọ Màmá kò sì sí nílé. Ó ti gun alùpùpù rẹ̀ lọ sí Pọ́bẹ̀, ní òdìkejì bodè, láti lọ bá àbúrò rẹ̀ kan òrùlé. Ẹ̀yìn ìgbà tó lọ ni wọ́n ti bodè pa. Àwọn ènìyàn ń fẹsẹ̀ gba ọ̀nà oko wọlé, ṣùgbọ́n alùpùpù kò lè gba ibẹ̀, Bàbá sì ní ibi tí alùpùpù òun bá wà, ibẹ̀ lòun wà.

"Ó fẹ́ràn alùpùpù náà jù mí lọ," ni Màmá wí. "Òun ló ń dákẹ́ bí wọ́n bá pa á."

A pe Bàbá lórí fóònù, a gbé fóònù náà sórí àpótí láàárín wa kí gbogbo wa lè gbọ́. Mo kí i, mo ṣàlàyé ara mi.

"Ẹ fẹ́ ri ìyàwó mi bọ omi?" ni Bàbá wí. "Kí ló ṣe fún yín?"

"Kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Dúró ná. Ohùn rẹ yìí, ṣé kì í ṣe ọmọ Kétu ni ọ́?"

"Ọmọ Kétu ni mí, Bàbá."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. "Èmi há sí ilẹ̀ tìrẹ, ìwọ náà há sí ilẹ̀ tèmi. A ti ṣe pàṣípààrọ̀ nìyẹn. Ó dáa. Bí o bá ti gba ipò mi, gba iṣẹ́ mi pẹ̀lú. Èpò ti bo oko mi lọ́nà Ọjà-Ọdàn. Ẹ lọ ro ó. Bí ẹ bá ro ó tán, kí ẹ tún pè mí."

Bí ó ti pa fóònù ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí jó. Ó ní ọkọ òun kò tíì sún mọ́ "bẹ́ẹ̀ ni" tó báyìí rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Ó fi ọkọ́ méjì lé wa lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì lọ sí Ayétòrò láti lọ kí ọmọbìnrin rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.

Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí. Oko kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ní Kétu ni oko ilé-ìwé bàbá mi, àgbàdo nìkan ló sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni mí, ẹnìkejì mi sì jẹ́ àlejò, mo sì rò pé ìyẹn tó. Àgbàdo àrọ̀kúrò ti ga dé orókún lóko Bàbá, ẹ̀gẹ́ wà láàárín rẹ̀. Lórí ilẹ̀, láàárín àwọn ebè, ìtàkùn kan ń rá kiri tòun ti ewé gbàgẹ̀rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí fà á tu.

Ẹnìkejì mi dúró. "Alàgbà," ó wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "ó jọ pé ènìyàn ló gbin èyí. Wo bí àlàfo àárín wọn ṣe dọ́gba."

"Ìtàkùn lásán ni," mo dá a lóhùn.

"Ó dá ọ lójú?"

"Alàgbà, ilẹ̀ Yorùbá la wà yìí."

Kò bá mi jiyàn mọ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ilẹ̀ oko náà ti mọ́ tóní-tóní, ìtàkùn sì ti di òkìtì ní etí oko. Mo fẹ̀yìn ti igi, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún agbára tó fún mi.

Bàbá kan tó ní oko ẹ̀gbẹ́ tiwa ló ń kọjá. Ó kí wa, ó wo oko, ó wo òkìtì náà, ó bọ́ fìlà.

"Ta ló ní kí ẹ fa ẹ̀gúsí obìnrin yẹn tu?"

Mo dìde kúrò nídìí igi. "Ẹ̀gúsí?"

"Ọkọ rẹ̀ ló ni ẹ̀gẹ́, ọkọ rẹ̀ ló ni àgbàdo. Ẹ̀gúsí yẹn nìkan ni tirẹ̀ nínú oko yìí." Ó ń mi orí. "Ilá rẹ̀ ni ewúrẹ́ mi jẹ ní tèmi o. Ilá lásán. Ọdún mẹ́fà rèé tí kò kí mi. Ẹ̀yin wá fa ẹ̀gúsí! N kò sí níbí o. N kò rí yín." Ó sáré kúrò níbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

A gbìyànjú láti tún àwọn ìtàkùn náà gbìn, a bu omi sí wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ti rọ. Ẹnìkejì mi kò sọ pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìwà rere yẹn dùn mí ju èébú lọ.

A pe Bàbá ní ìrọ̀lẹ́, mo sì jẹ́wọ́.

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, Bàbá."

"Kì í ṣe èmi lẹ ṣẹ̀," ó wí, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ gbọ́ mi. Mo mọ obìnrin tí mo fẹ́. Kì í dárí ji ènìyàn. Mo ti rí ìjọ oríṣiríṣi tó wọ̀, tó sì jáde, inú rẹ̀ kò yí padà. Bí ó bá dárí ẹ̀gúsí yìí jì yín, mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yin yìí kì í ṣe eré, ẹ rì í. Bí kò bá dárí jì yín, ẹ má wulẹ̀ fi omi ṣòfò."

Bí ìrìbọmi Màmá ṣe wá rọ̀ mọ́ ẹ̀gúsí tí mo fi ọwọ́ ara mi fà tu nìyẹn.

Ó dé láti Ayétòrò lọ́jọ́ kejì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó gbé iṣu kan wá fún wa. N kò jẹ́ kó jókòó kí n tó sọ ọ́. Ó gbé iṣu náà sílẹ̀, ó gba ọ̀nà oko lọ láìsọ̀rọ̀, a tẹ̀lé e. Ó dúró nídìí òkìtì náà, ó mú ìtàkùn kan.

"Ìwọ ọmọ yìí," ó wí. "Kí ni èyí?"

"Ẹ̀gúsí ni, Màmá."

"Lónìí ni o mọ̀ ọ́n. Lánàá ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ẹnìkejì mi wò mí, òun náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó sì ké pé, "Ẹ kú iṣẹ́!"

Mo rò pé Màmá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ yẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yí padà. "Ẹ má wá sílé mi," ó wí, ó sì lọ.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e jẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ìjọ ń gbààwẹ̀. N kò tíì fi ọkàn gbààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Àga iwájú ṣófo. A kọrin, a gbàdúrà, a pín búrẹ́dì àti omi, àga náà ṣì ṣófo. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin ìkẹyìn ni ilẹ̀kùn ṣí. Màmá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún eruku, ó gba àárín wa kọjá lọ jókòó síwájú. Lẹ́yìn ìsìn, ó pè wá sábẹ́ igi.

"Bí mo ṣe ń bọ̀ lójú ọ̀nà," ó wí, "mo ń sọ fún Ọlọ́run pé màá dárí ji àwọn ọmọ méjèèjì yìí, torí wọn ò mọ nǹkan kan. Ọkàn mi wá bi mí pé, ewúrẹ́ ńkọ́? Ṣé òun mọ nǹkan ni? Bí mo ṣe yà sílé bàbá eléwúrẹ́ nìyẹn tí mo fi pẹ́."

"Ẹ kí i, Màmá?"

"Mo kí i. Ó wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí." Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú agolo mílíìkì kan jáde, irúgbìn ẹ̀gúsí ló wà nínú rẹ̀. "Alàgbà, lọ́la ẹ óò bá mi gbin èyí. Màá wà níbẹ̀ kí ẹ má baà gbin òkúta."

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ tí a ń fọ aṣọ, ṣùgbọ́n aṣọ wa kò rí omi lọ́sẹ̀ náà. Ẹ̀gúsí la gbìn.

Bàbá eléwúrẹ́ ti pe Pọ́bẹ̀ kí àwa tó pè é. "Ṣé òótọ́ ni pé ó kí i?" ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ. Mo ní òótọ́ ni. "Ẹ rì í," ó wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Kí ẹ sì jẹ́ kí n gbọ́."

Èmi ni mo rì í, nínú adágún omi kékeré tí a fi bíríkì mọ lẹ́yìn ilé ìjọsìn. Ẹnìkejì mi dúró létí rẹ̀, fóònù lọ́wọ́. Òfin wa ni pé gbogbo ara ẹni náà gbọ́dọ̀ wọmi, ẹlẹ́rìí méjì sì ń wò ó. Bí mo ṣe gbé Màmá sókè, àwọn ẹlẹ́rìí mi orí: ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yọ síta. Mo ní láti tún un rì.

"Ẹ fẹ́ fi gbẹ̀san ọkọ́ tí mo fi lé yín lọ́wọ́ ni," ni Màmá wí, omi ń ṣàn lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ohùn Bàbá jáde láti inú fóònù. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ omi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ yọ, Bàbá."

"Ẹsẹ̀ obìnrin yẹn ò gbọ́ràn rí."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi gbé mi lọ sí ìlú mìíràn. Ní ọjọ́ tí mo lọ dágbére, Màmá mú mi gba oko lọ, ẹnìkejì mi tẹ̀lé wa. Ẹ̀gúsí ti hù, kò pọ̀ bíi ti àkọ́kọ́, torí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ó fi ọwọ́ sẹ́yìn bíi tíṣà.

"Èwo ni ẹ̀gúsí?"

Mo nàka sí i.

"Èwo ni èpò?"

Mo nàka sí i.

Ó wo ẹnìkejì mi bóyá òótọ́ ni mo sọ. Ọmọ Ùgáńdà náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Alàgbà, ẹ lè máa lọ wàyí."