Orúkọ Tí Kò Sí Nínú Ìwé Ẹbí

Òórùn kánfọ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí. Yàrá òkè ilé wa ní Ẹnu Ọ̀wá, níbi tí wọ́n ń kó aṣọ àwọn àgbà tó ti lọ pamọ́ sí, ni mo ti máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìrun Àsárì, tí ògiri á máa tutù sí mi lẹ́yìn, tí ariwo ọjà á máa gòkè bọ̀. Olórí ẹbí ló ní kí n máa bójú tó fọ́rọ́ọ̀mù tí a dá sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará ilé, nílé lóko. Iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni mo pè é, ọ̀rẹ́ mi. Àṣé mi ò tíì rí nǹkan kan.

Kò pẹ́ tí àwọn ayédèrú fi dé. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀ bí eṣú: àwọn tó ń ta oògùn, àwọn tó ń pè wá sí tẹ́tẹ́, àwọn arẹwà tí kò sí níbì kankan láyé. Mo wá fi ìbéèrè kan sẹ́nu ọ̀nà: “Ta lẹ mọ̀ nínú ilé yìí? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀.” Orúkọ tí mi ò bá rí nínú ìwé ẹbí, mo pa onítọ̀hún rẹ́ nìyẹn. Lóṣù àkọ́kọ́, mo ń fara balẹ̀ kà wọ́n. Nígbà tó yá, ọkàn mi kú sí i, ìka mi nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ọdún yẹn ni ẹbí fẹ́ wó ilé ẹ̀yìn. Orí fọ́rọ́ọ̀mù la kéde rẹ̀ sí: ẹni tó bá lẹ́rù níbẹ̀ kó kọ ọ́ síbẹ̀ kó tó di Jímọ́ọ̀, ká lè bá a gbé e pamọ́. Lọ́sẹ̀ náà, ẹnì kan forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìdáhùn nìkan ni mo ń wò, ọ̀kan náà ló sì ń kọ: Eyínafẹ́. Mo yẹ ìwé wò lẹ́ẹ̀kan péré, kò sí Eyínafẹ́ kankan. Mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n wó ilé náà ní Sátidé.

Lọ́sẹ̀ kejì, fóònù mi dún. Opó àbúrò bàbá mi ni, ìyá arúgbó tó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin lókè òkun.

“Eyínafẹ́, ọkọ mi, ṣé ìwọ lo ń tì mí síta?”

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí. Ìyàwó ilé kì í pe ẹni tó bá nínú ilé lórúkọ, àní kó jẹ́ ọmọ ọwọ́. Àpèlé ló máa fún un. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà tí wọ́n gbé Ìyá wá sílé ọkọ, eyín mi ni wọ́n sì rí tí wọ́n fi sọ mí lórúkọ. Èmi ni Eyínafẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Ìyá. Ẹrù wo lẹ ní níbẹ̀?”

“Àpótí kan péré ni. Fọ́tò àkọ́bí mi ló wà nínú ẹ̀. Òun nìkan ni fọ́tò ẹ̀ tí mo ní.”

Ọmọ yẹn ò tíì rìn tó fi kú. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sẹ́yìnkùlé. Yanrìn àti àfọ́kù búlọ́ọ̀kù ló kù, ọkọ̀ ti kó ìyókù lọ. Mo dúró, mo ń retí ẹkún, kò wá. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù títí dòní nìyẹn: bó ṣe rí lára mi nígbà tí mò ń pa àwọn ayédèrú rẹ́ náà ló rí lára mi níbẹ̀.

Mo ti gba Ìyá wọlé sórí fọ́rọ́ọ̀mù. Wọn ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí. Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì ń ka gbogbo àwọn tó ń forúkọ sílẹ̀ báyìí, títí kan àwọn olóògùn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìyá yẹn kọ orúkọ mi síwájú mi, mi ò sì dá ara mi mọ̀.